AirSense 10 AutoSet: Àyẹ̀wò Ẹ̀rọ Ìmí Tó Ń Yí Agbára Afẹ́fẹ́ Rẹ̀ Padà Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀rọ ìmí AirSense 10 AutoSet, tí ilé iṣẹ́ ResMed gbé jáde ní ọdún 2014, ni mo ń lò lálaalẹ́ nílé mi ní Lọ́ńdọ̀nù fún àìsàn tó máa ń mú kí èémí ènìyàn dá dúró lójú oorun. Kí n tó gbà á, mo ti lo irú èyí tí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà mo lè fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹ̀rọ náà dára, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, mi ò sì ní gbà kí wọ́n fi ti àtijọ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, tí onímọ̀ ìṣègùn kankan kò fi ààlà sí ibi tí agbára rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ torí rẹ̀ gbà á ni kò ní tẹ̀ yín lọ́wọ́. Lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ àyẹ̀wò yìí, torí mo rí i pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ kí wọ́n tó sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń bá jà. Bí a bá ti sùn, àwọn iṣan tó ń di ọ̀nà ọ̀fun mú á dẹ̀. Lára àwọn kan, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun á wó lu ọ̀nà èémí débi pé afẹ́fẹ́ kò ní ríbi kọjá. Bí èémí bá dá fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, àwọn dókítà á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, ẹni náà á mí gúlegúle, á sì padà sùn láìmọ̀ pé òun jí rárá. Iye ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan, pẹ̀lú àwọn ìgbà tí èémí dínkù láìdá pátápátá, ni wọ́n ń pè ní AHI. Bó bá wà láàárín 5 sí 14, àìsàn náà kò tíì le. Láti 15 sí 29, ó ti tó ọwọ́ mú. Bó bá ti di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó le gan-an. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà lórí ibùsùn fún odidi wákàtí mẹ́jọ, kó sì jí bí ẹni tó ṣe àìsùn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti ẹnu gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í jìnnà sí i.

Láàárín wa, ẹni tó bá ń hanrun kíkankíkan ni a máa ń sọ pé ó ń sun oorun àsùnwọra, inú ilé á sì máa dùn fún un. Èrò yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ti àwa obìnrin tún yàtọ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró ni àìsàn yìí máa ń pọ̀ sí i lára wa, àmọ́ àárẹ̀, àìróorunsùn àti ẹ̀fọ́rí ni à ń rò fún dókítà, a kì í sọ̀rọ̀ hanrun, torí ojú ń tini. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ oògùn ìfúnpá tàbí ti ìrònú fún ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè bí ó ṣe ń mí lóru. Ẹ̀yin obìnrin tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín kódà bí kò bá béèrè.

Ìtọ́jú tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1980, ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ni dókítà Colin Sullivan kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kan máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú imú aláìsàn láti fi tọ́jú àìsàn yìí. Ní ọdún 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde lórí aláìsàn márùn-ún tó lo irú ẹ̀rọ náà. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ́síjìn ni ẹ̀rọ náà ń fún ni. Kì í ṣe ọ́síjìn o; afẹ́fẹ́ inú yàrá yín náà ni, tí ẹ̀rọ sẹ́, tó fẹ́ gba inú páìpù àti ìbòmú, tó sì ń ti ẹran ọ̀fun sẹ́yìn, bí ìgbà tí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náílọ̀nù kí ojú rẹ̀ méjèèjì má baà lẹ̀ mọ́ra. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni CPAP. Èyí tó ń yí agbára rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní APAP, òun sì ni AutoSet yìí.

Sẹ̀ǹtímítà omi, ìyẹn bí agbára náà ṣe lè ti omi gòkè tó nínú ọ̀pá, ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà. Nígbà tí mo ń lo CPAP, 11 ni wọ́n gbé e sí fún mi, 11 náà ló sì máa ń wà láti ìgbà tí mo bá ti fi orí lé ìrọ̀rí títí tí ilẹ̀ á fi mọ́. Wákàtí tó le jù lọ lóru ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú irú iye bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ní gbogbo wákàtí yòókù, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ohun tí ara ń béèrè lọ ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ sí mi lọ́fun. Bẹ́ẹ̀, oru kò dọ́gba. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn nílò agbára ju ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ. Nínú oorun tí a fi ń lálàá, tó máa ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, iṣan ara máa ń dẹ̀ jọjọ, ọ̀nà èémí á sì túbọ̀ dínkù. Ọtí a máa mú kí ó burú sí i, imú dídí náà ń dá kún un, bí ènìyàn bá sì sanra tàbí tó fọn, iye tí wọ́n mú lọ́dún tó kọjá lè má bá a mu mọ́.

Iṣẹ́ tí AutoSet ń ṣe ni pé ó ń ka èémí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀nà bá ṣí dáadáa, èémí tí mo fà sínú á yípo bí òkè kékeré lójú àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti ń súnkì, orí òkè náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, nígbà tí èémí kò tíì dá rárá. Nígbà yẹn ni ẹ̀rọ náà ti ń fi díẹ̀ kún agbára rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìgbọ̀nrìrì hanrun nínú páìpù, yóò tún fi kún un. Bí èémí bá dá, yóò fi kún un sí i. Lẹ́yìn náà, bí èémí bá ti já gaara, yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀, kì í já wálẹ̀ lójijì, torí ìyẹn lè jí ni.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó wú mi lórí ju gbogbo èyí lọ. Èémí lè dá nítorí pé ọ̀nà dí, ó sì lè dá nígbà tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọpọlọ ni kò rán ara níṣẹ́ pé kó mí. Bí ọ̀nà bá dí, àfikún afẹ́fẹ́ á ṣí i. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló dákẹ́, àfikún afẹ́fẹ́ kò ní ṣe é lóore, ó sì lè dá kún ìṣòro náà. Báwo wá ni ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Bí èémí bá ti dá, ó máa ń rán ìgbì afẹ́fẹ́ kékeré sínú ọ̀fun, mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà omi kan lọ. Bí ìgbì náà bá wọlé láìsí ìdíwọ́, ọ̀nà ṣí nìyẹn, kò sì ní fi kún agbára. Bó bá kọlu ohun tó dí ọ̀nà, ó mọ ohun tó kàn. Èmi tí mo sùn kì í mọ̀ pé ìgbì kankan wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó mi ní ilé ìwòsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan kí n lè rí oru kan nínú àwọn oru mi. Ìlà kan ló wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹrẹsẹ láti ìgbà tí mo sùn, tó wà ní 7 fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi lélẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìdájí ó gun òkè dé 9, ó sinmi díẹ̀, ó tún gùn dé 12, níbi tí ìlà èémí mi ti ń tẹ́ lórí tó sì ń ṣe ségesège. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ bí èémí ṣe ń gún régé. Gbogbo oru náà, iṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo fi nílò ohun tó ju 11 lọ, ní wákàtí tó pọ̀ jù lọ, 7 tàbí 8 tó mi. Ohun tí CPAP àtijọ́ fi ń wú mi níkùn, tó sì ń gbẹ mi lọ́fun, wá yé mi níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní AutoSet, ààlà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ìyẹn láti 4 dé 20, ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu: bí ẹ̀rọ bá mọ ohun tó ń ṣe, kí ló dé tí a óò fi dí i lọ́wọ́? Àmọ́ 4 kéré fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Mo máa ń rò pé afẹ́fẹ́ inú ìbòmú kò tó mi, màá sì fẹ́ já a kúrò lójú kí oorun tó kùn mí. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó nílò 9 tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 4, èémí rẹ̀ lè dá lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ̀rọ tó gun òkè bá a, nígbàkígbà tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ jù, ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní ti 20, afẹ́fẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ máa ń já gba etí ìbòmú jáde, ariwo rẹ̀ a máa jí ni, ẹni tó bá sì ń gbé e mì, ikùn rẹ̀ á wú títí dọ̀sán.

Ohun tí nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi ni mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó ní, “Mà, ẹ̀rọ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ̀ yín rí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn oru yín, ká sọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ fún un.” Ó fi ààlà tèmi sí 7 dé 13. Láti ìgbà náà, AHI tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ fún mi kì í sábà kọjá 2, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó máà tó 5. Ẹ̀rọ náà kò yí padà, ìbòmú náà kò yí padà. Ààlà yẹn ni ó yí padà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín yí i o. Ẹni tó ti ka oru yín ni kó ṣe é, pàápàá fún ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tó ń lo oògùn ìrora tó lágbára, torí pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò àyẹ̀wò nínú yàrá oorun ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó mọ irú ẹ̀rọ tó tọ́ sí wọn. AutoSet kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ lórí ohun tí ìwádìí fi hàn pẹ̀lú. Nígbà tí àjọ Cochrane kó àwọn ìwádìí jọ ní ọdún 2019, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó ń lo APAP máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lò ó ju ẹni tó ń lo CPAP lọ lóru kan. Ìyẹn kò pọ̀. Ní Ìlú Ọba, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà, gbé jáde ní ọdún 2021 ni pé CPAP tí agbára rẹ̀ kì í yí padà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn, kí wọ́n sì ro APAP fún ẹni tí agbára tó ga kàn wúlò fún ní àwọn wákàtí kan, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ti àkọ́kọ́, tàbí níbi tí owó APAP kò bá ju ti èkejì lọ. Mo gbà pé ìlànà yìí tọ́. Bí CPAP bá ti bá yín lára mu, tí ẹ ń sùn, tí ẹ sì ń jí ní àjíǹde ara, ẹ kò ní ìdí láti lọ ná owó lórí òmíràn. Àwa tí oru wa ń lọ sókè sódò ni AutoSet wà fún.

Lórí àwọn ohun kéékèèké inú rẹ̀: ó ní ètò kan tí yóò máa fi afẹ́fẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa mọ̀ pé ẹ ti sùn, ó sì ní òmíràn tó ń dín agbára kù pẹ̀lú 1, 2 tàbí 3 nígbà tí ẹ bá ń mí èémí síta, èyí tó mú kí mímí rọrùn púpọ̀ fún mi. Ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìró èémí tó ń gba ihò ìbòmú jáde ni ọkọ mi máa ń gbọ́, kì í gbọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní AutoSet for Her, tí agbára rẹ̀ máa ń rọra gun ju ti èyí lọ, nítorí bí èémí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe máa ń rí lóru. Bí wọ́n bá fún yín láyè láti yàn, ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Ìbòmú ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù yàn, torí pé òun ni yóò sọ bóyá ẹ óò máa lo ẹ̀rọ náà tàbí ẹ óò gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tó kàn sọ ihò imú, èyí tó bo imú, àti èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀. Ẹni tó bá ń la ẹnu sùn kò lè lo ti ihò imú nìkan kó rí àǹfààní gidi, torí gbogbo afẹ́fẹ́ náà ni yóò gba ẹnu jáde. AutoSet máa ń sọ fún ni láàárọ̀ bí ìbòmú bá ń jò. Bí jíjò náà bá kọjá lítà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò lè ka èémí dáadáa mọ́, ohun tó sì ń ṣe lẹ́yìn náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ìbòmú bá ń jò, bí ọgbọ́n ẹ̀rọ ti wù kó pọ̀ tó, òfo ni.

Irun wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì rí ibi tí àwọn tó ń ta ìbòmú ti ń sọ ọ́. Okùn ìbòmú máa ń yọ̀ lórí irun dídì, pàápàá bí ẹ bá de fìlà sátìn lé e. Bí ẹ bá fà á le kó má baà yọ̀, yóò fa irun etí orí tu, yóò sì dá àpá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo máa ń kọ́kọ́ de okùn náà mọ́ orí tààrà, kí n tó de fìlà sátìn lé e lórí, mo sì sọ fún onídìrí mi kó má ṣe kó irun jọ sí ìpàkọ́ níbi tí okùn yóò gbà. Ẹ̀yin ọkùnrin onírùngbọ̀n, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu yóò máa jò lára yín. Ẹ dán èyí tó sọ ihò imú wò. Ẹni tí wọ́n bá sì ti fi ẹ̀rọ amọ́kànlù sí láyà, kó béèrè bóyá irin òòfà wà lára ìbòmú kó tó gbà á, nítorí ResMed fúnra wọn ṣe ìkìlọ̀ lórí irú àwọn ìbòmú bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023.

Ike omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tó ń mú afẹ́fẹ́ lọ́rinrin kí ọ̀fun má baà gbẹ. Omi dístílì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ ohun àlùmọ́nì inú rẹ̀ kúrò, ni wọ́n ní ká máa bù sí i. Pure water kì í ṣe omi dístílì. Ohun àlùmọ́nì inú pure water á lẹ̀ mọ́ ìdí ike náà, á di èérún funfun. Omi tí àwọn tó ń ṣáájì bátìrì ọkọ̀ ń tà kò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá, torí kò sí ẹni tó ṣe é fún ohun tí ènìyàn máa mí sínú. Ẹ máa da omi àná nù láràárọ̀, kí ẹ fọ ike náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Asẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ yẹ̀ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ní ìgbà ọyẹ́, oṣù mẹ́fà ti pẹ́ jù.

Mo gbé ẹ̀rọ náà dání lọ sí Abẹ́òkúta. Kò wúwo, kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ ni, iná tó bá wà láàárín 100 sí 240 fóòtì ló ń lò, nítorí náà kò sí wàhálà bí a ṣe ń fi í sọ́wọ́ iná ilé. Ẹ má ṣe fi í sínú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ sì ti da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí òun náà ní àìsàn yìí tó sì ń gbèrò láti ra tirẹ̀, dúró tì mí nígbà tí mo ń tò ó sórí tábìlì. Ó ní, “Àbúrò mi, bí NEPA bá mú iná lọ láàárín òru, ṣé ìbòmú yẹn kò ní sé ẹ léèémí?” Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ihò wà lára rẹ̀, èyí tó bo ẹnu sì ní ọ̀nà tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dá. Ẹ óò kàn jí ni, ẹ óò sì yọ ọ́.” Òótọ́ ni, kò léwu lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oru tí iná lọ jẹ́ oru tí a kò tọ́jú àìsàn náà, kò sì sí ohun tí ọgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣe sí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lo irú ẹ̀rọ yìí nílé gbọ́dọ̀ ka bátìrì mọ́ iye owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ iná jù lọ lára rẹ̀ ni ìgbóná omi àti páìpù tó ń gbóná. Bí ẹ bá pa méjèèjì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan kò gba iná púpọ̀, bátìrì tó dára sì lè gbé e di àárọ̀. ResMed ní okùn tí a lè fi so ó mọ́ bátìrì fóòtì 12 tààrà, ó sì sàn ju kí iná kọ́kọ́ gba inú ínfátà lọ, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ínfátà lẹ máa lò, ẹ rí i pé èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave ni. Ìgbà òjò ni mo lọ, afẹ́fẹ́ ti ní ọ̀rinrin tirẹ̀, mo pa ìgbóná omi, ọ̀fun mi kò sì gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ẹnì kan fi lọ̀ ọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wo orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ìmí wọn padà, títí kan DreamStation àkọ́kọ́, nítorí pé fóòmù tó ń pa ariwo mọ́ inú rẹ̀ lè jẹrà, kí ẹ̀rún rẹ̀ sì máa bá afẹ́fẹ́ wọ inú ènìyàn. AirSense 10 kò sí lára wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó kúrò nílé ẹni kan lè rin ìrìn àjò jìnnà kó tó dé ọjà wa, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún ohun tí wọ́n ti ní kí wọ́n dá padà.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ràn nínú ohun tí ResMed ṣe, òun ni máàkì tí áàpù myAir ń fún ni láàárọ̀. Nínú 100, 70 jẹ́ ti wákàtí tí ẹ fi lo ẹ̀rọ, 20 jẹ́ ti ìbòmú tí kò jò, 5 jẹ́ ti iye ìgbà tí ẹ yọ ìbòmú, 5 tó kù ni ti èémí tó dá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in! Ẹni tí èémí rẹ̀ ṣì ń dá lọ́pọ̀ ìgbà lóru lè gba 95, kó máa yọ̀, kó sì máa ya sùn níbi tó ti ń wakọ̀. Ó dára kí a gba ènìyàn níyànjú láti máa lo ẹ̀rọ rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń pa á tì ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n AHI ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú jíjò ìbòmú, kí ẹ tó wo máàkì. Fún àwa tó ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ òfin ni pẹ̀lú: ẹni tí àìsàn yìí bá tó ọwọ́ mú tàbí tó le lára rẹ̀, tí oorun sì ń kùn ún lọ́sàn-án, gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ títí tí ìtọ́jú á fi kápá rẹ̀.

Káàdì SD kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ AirSense 10, ibẹ̀ ni gbogbo èémí òru ń wà ní kíkún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ mi máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n mi, tó padà ra tuntun, káàdì yẹn ló ń mú lọ bá dókítà rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má gba kí wọ́n kàn ka iye AHI fún òun nìkan. Kó ní kí wọ́n fi ìlà agbára afẹ́fẹ́ àti ìlà jíjò han òun, láti alẹ́ títí di àárọ̀, kó sì béèrè ibi tí wọ́n fi ààlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè sí, àti ohun tí wọ́n rí nínú òru òun tí wọ́n fi mú un.